Àga Tó Kẹ̀yìn sí Ọjà

Ọ̀gá mi ní Ìdúmọ̀tà kì í kọjú sí ọjà rẹ̀. Fíìmù là ń tà nígbà náà, àmọ́ títì ló máa ń kọjú àga rẹ̀ sí. Á ní, "Àwọn tó ń kọjá ló mọ ibi tí ayé ń lọ."

Tó bá ti ti ìrun Jímọ̀ dé, tòun ti fìlà funfun rẹ̀ lórí, á bi wá pé, "Kí la ó máa tà lọ́dún tó ń bọ̀?" A ó bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹ wo ọwọ́ wọn." Fóònù ló kún ọwọ́ èrò. Ọmọbìnrin kan tiẹ̀ ń wo fíìmù lórí tirẹ̀ bó ṣe ń rìn lọ.

Mo ní, "Alhaji, fíìmù ni wọ́n fi mọ̀ wá."

"Wọ́n mọ̀ wá lóòótọ́. Ta ló ṣì ń rà?"

Kí ọdún tó yí, ṣájà fóònù la ń tà. Àwọn onífíìmù tó fi wá ṣẹ̀sín ti ti ìsọ̀ wọn pa.

Látìgbà tó ti kú, èmi ló ń jókòó sórí àga náà. Mo ń wo ọwọ́ èrò bó ṣe kọ́ mi. Àmọ́ tí bàbá kan tó dé fìlà funfun bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ojú rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.