Ìkíni Tí Mo Gé Kúrò

Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ sì ti bá tiwọn lọ, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ra ata ẹnì kan. Màá wọ kẹ̀kẹ́ láti Kétu lọ sí Mile 12, màá ra apẹ̀rẹ̀ tòmátò àti tàtàṣé bí ẹni tí ilé rẹ̀ kún, màá gbé e délé, màá wá jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n bí ata ṣe lè pẹ́ nílẹ̀ láìbàjẹ́: èyí tí màá sá sóòrùn, èyí tí màá sè títí omi rẹ̀ á fi gbẹ kí n tó da òróró bò ó.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ló ní kí n máa fi fóònù ká a, kí n máa gbé e sórí ìkànnì. Mo gbé fóònù ti agolo mílíìkì lójú fèrèsé kíṣìnnì, mo bá bẹ̀rẹ̀. Ìkíni ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń wọlé onílé láìkí wọn. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ilé ńkọ́? Ṣé ara le? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú ọ̀nà, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, Ọlọ́run á bá wa fún un lálàáfíà." Ó máa ń tó ìṣẹ́jú méjì kí n tó fọwọ́ kan ata.

Àwọn tó ń wò mí ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dá mi lóhùn nísàlẹ̀ fídíò. Ẹnì kan wà nínú wọn tí kì í kọ ju "A dúpẹ́" lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin; àwòrán òdòdó ló fi síbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Bí mo bá gbé fídíò síta láàárọ̀, kí n tó fọ abọ́ tán, "A dúpẹ́" á ti dé. Kí n má purọ́, torí rẹ̀ ni mo ṣe ń se ata míì nígbà tí tàná ò tíì tán.

Àfi bí ìkànnì ṣe yí padà lọ́jọ́ kan. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo gbé fídíò síta, ó dà bíi pé mo sọ ọ́ sínú kànga. Mo kọ́kọ́ rò pé dátà mi ló tán. Ọmọbìnrin tó ń ṣerun ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wa ló bá mi wò ó.

"Mummy, wọ́n ti change ẹ̀," ló wí. "Fídíò kékeré ni wọ́n ń fẹ́ báyìí. Táwọn èèyàn bá ti kọjá yín níbẹ̀rẹ̀, wọn ò ní fi han ẹlòmíì mọ́. Àwọn tó ń tẹ̀ lé yín gan-an lè má rí i. Ìkíni yín yìí ló ń lé wọn, Ma. Ẹ ṣì ń kí wọn, wọ́n ti lọ."

"Ṣé kí n wá máa gé ata lójú wọn bí ẹni tó ń bínú ni?"

"Ẹ ṣáà gé e kúrò, Ma."

Mo gé e kúrò. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn mi sọ nù. Ọ̀bẹ ló wá ń kọ́kọ́ jáde, ata á tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ á sì tán kí ìkòkò tó hó. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá, wọ́n pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n á fi àwòrán iná sílẹ̀, wọ́n á kọjá. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ìka ọwọ́ mi ti darúgbó, bíi pé ó fẹ́ bá mi ra òmíràn. "A dúpẹ́" ò wá mọ́.

Mo retí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo retí rẹ̀ fún oṣù kan. Mo ṣépè fún ìkànnì, mo ní àwọn ni wọn ò fi fídíò mi hàn án. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé bóyá ó ti kú. Ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, tí mi ò mọ ilé rẹ̀, mo wá ń ṣàárò rẹ̀ bíi pé a jọ ń gbé. Ojú tì mí láti sọ fún àwọn ọmọ.

Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo kọ̀wé ránṣẹ́ sí i lórí ìkànnì: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àlàáfíà ni? Mi ò gbúròó yín mọ́."

Ọjọ́ kejì ni èsì dé. "Ẹ kú àárọ̀, Ma. Màmá mi ló ń wò yín. Èmi ni mo máa ń bá wọn tẹ ọ̀rọ̀, torí ojú wọn kì í rí lẹ́tà dáadáa mọ́. Wọ́n ṣì ń wò yín lójoojúmọ́. Wọ́n ní ẹ ò kí àwọn mọ́, pé kí ni àwọn fẹ́ dáhùn?"

Mo jókòó sórí àpótí kíṣìnnì. Ìyá náà ò lọ síbì kankan. Èmi ni mò ń wọlé tọ̀ wọ́n lójoojúmọ́ láìkí wọn, tí mo tún ń bínú pé wọn ò dá mi lóhùn.

Mi ò gbé ata kaná lọ́jọ́ náà. Mo gbé fóònù ti agolo mílíìkì, mo kí wọn tán pátápátá, mo tún san gbèsè ìkíni àwọn oṣù tí mi ò fi kí wọn. Ìkànnì ò fi han ẹnikẹ́ni. Èèyàn mọ́kànlá ló wò ó, mo sì fura pé èmi ni mẹ́ta nínú wọn.

Kí n tó fọ abọ́ tán, èsì ti dé. "A dúpẹ́." Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ọmọ wọn wá kọ ohun tí kò kọ rí: "Wọ́n ní ẹ̀yin náà ńkọ́? Ilé ńkọ́?"

Láti ìgbà tí mo ti ń kí gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó bi mí rí. Ìka mi ti tẹ "A dúpẹ́" kí n tó mọ̀. Mo wo apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó wà nílẹ̀, mo wo abọ́ kan ṣoṣo tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo pa á rẹ́, mo wá kọ ọ́ pé, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ilé dá páropáro."