Ògiri Kònímì Létí Odò

Kò sẹ́ni tó tún ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Kònímì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé bíríkìlà ni, bó bá sì ti mọ ògiri kan tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, á ní, "Kò ní mì!" Ká má parọ́, ògiri rẹ̀ kì í mì lóòótọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá a lójú, ó wá jọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tún dá a lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni odò àdúgbò gbà kọjá. Ní òdìkejì, níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà, ni àbúrò rẹ̀ obìnrin kọ́ yàrá méjì sí. Aránṣọ ni. Àwọn méjèèjì ló kù nínú ọmọ tí ìyá wọn bí. Láràárọ̀ ni àbúrò máa ń yọrí lójú fèrèsé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà á sì dáhùn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

Odò yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ààtàn tán kí ojú àwọn ará àdúgbò tó là. Wọ́n jọ kó pàǹtírí inú rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fẹnu kò pé kí gbogbo ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kan odò yọ̀ǹda etí omi, kí wọ́n gbin koríko àti ọparun síbẹ̀, kí gbòǹgbò wọn lè di ilẹ̀ mú, kí omi sì ráyè tẹ́ rẹrẹ bí òjò bá dé. Tọmọdé tàgbà ló jáde. Aránṣọ gbin tirẹ̀, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tuntun.

Kònímì rẹ́rìn-ín. "Koríko tí ewúrẹ́ ń jẹ ni yóò dá omi dúró?" Ó rọ kọnkéré, ó ki irin bọ̀ ọ́, ó mọ ògiri ga sí etí omi tirẹ̀.

Alága àdúgbò wá bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀gá, omi tẹ́ ẹ bá lé kúrò lọ́dọ̀ yín, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ń lọ o."

Àbúrò rẹ̀ náà wá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é."

"Fọkàn balẹ̀," ló fi dá a lóhùn. "Tí mo bá parí tèmi, màá wá mọ tìẹ náà." Inú rere ló fi sọ ọ́, ohun tó sì dun èèyàn jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Àárín ọ̀sán ni òjò ńlá bẹ̀rẹ̀. Lápá òkè, omi tẹ́ sórí koríko, ó ń rọra lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Kònímì, ó forí sọ ògiri, ògiri ò gbà fún un, ló bá fi ìbínú ya sí òdìkejì. Koríko aránṣọ ò tíì ta gbòǹgbò tó lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀ dúró. Kònímì dúró lẹ́yìn ògiri rẹ̀, ó ń wo bí ilẹ̀ àbúrò rẹ̀ ṣe ń já sómi. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Aránṣọ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sá jáde kí yàrá tó tẹ̀ lé ilẹ̀. Ògiri ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ sán.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Kònímì fọwọ́ ara rẹ̀ wó ògiri náà, àwọn ará àdúgbò sì gbé òòlù wá bá a ṣe é. Kò sẹ́ni tó sọ pé, "Ṣebí a sọ fún ọ." Ì bá sàn fún un ká ní wọ́n bú u. Ògiri náà le gan-an, nítorí pé kò dín sìmẹ́ǹtì kù nígbà tó ń mọ ọ́. Wọ́n gbin koríko síbẹ̀, ó sì hù dáadáa, ṣùgbọ́n odò ló ń ṣàn níbi tí yàrá méjèèjì wà tẹ́lẹ̀.

Ó lọ bá àbúrò rẹ̀ nínú yàrá tó háyà ní ìpẹ̀kun ìlú. Ó ṣí fìlà.

"Mo fẹ́ kọ́ ilé míì fún ẹ. Bulọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì, iṣẹ́ ọwọ́, ọrùn mi ni gbogbo ẹ̀ wà."

Àbúrò rẹ̀ gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i bó ṣe máa ń kí i. Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Orí ilẹ̀ wo lẹ máa kọ́ ọ sí?"