Ọmọ Lèsí?

Bí ẹ bá béèrè Láídé ní ilé ìwòsàn kan tó wà lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́, wọn á ní, "Láídé oníkọ̀ǹpútà àbí Láídé ti ilé oúnjẹ?" Oníkọ̀ǹpútà là ń sọ. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ọ̀sì tí ẹ̀rọ rẹ̀ dákú níbẹ̀ tí kì í pe Láídé kó tó pe Ọlọ́run.

Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù ló dàgbà sí, nílé ìyá ìyá rẹ̀. Kò mọ bàbá rẹ̀. Ẹ sì mọ àwa ará Rẹ́mọ, ọmọdé kì í kọjá kí àgbàlagbà má dá a dúró: "Ìwọ, ọmọ lèsí?" Ìyẹn ni pé, ọmọ ta ni ẹ́. Kò sí ìkà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni Láídé máa ń wolẹ̀ tí omi á lé ròrò sójú rẹ̀. Bàbá Yísà tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Ibido rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Tí wọ́n bá tún bi ẹ́, sọ pé ọmọ Yísà." Láti ọjọ́ yẹn ni Láídé ti ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí Bàbá kúrò lórí rédíò tó ń to kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé iṣẹ́, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Ní ọdún tó kọjá, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn fẹ́ wó ilé àtijọ́. Wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, lọ sí yàrá tuntun kan. Irin yòówù tó bá ṣẹ́ kù, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló ni ín. Láídé ni yóò sọ èyí tó yẹ kí wọ́n gbé. Ó rọrùn lẹ́nu, àbí? Sáfà kan lè jẹ́ irin tí ẹ lè fọwọ́ kàn. Òmíràn kò ní irin tirẹ̀ rárá, inú irin ẹlòmíràn ló ń gbé, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá nílé onílé ní Ìlíṣàn. Onílé àti ayálégbé ni Láídé ń pè wọ́n. Téèyàn bá sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ẹni tó ń bójú tó wọn tẹ́lẹ̀ ti lọ sí Kánádà, kò gbé fóònù mọ́.

Ni Láídé bá kọ skírípítì kan, àwọn ìlà àṣẹ tó ń lọ bá sáfà kọ̀ọ̀kan láti bi í pé ta ló ṣe ẹ́. Onílé á dárúkọ ilé iṣẹ́ tó rọ irin rẹ̀. Ayálégbé á dárúkọ ètò tó gbà á sílé. Ó sọ skírípítì náà ní Lèsí, ó sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìlà kan péré ló ti ṣàṣìṣe: ó ní ẹnikẹ́ni tí kò bá dárúkọ ilé iṣẹ́ tí a mọ̀, kí Lèsí kà á sí ayálégbé.

Wọ́n gbé àwọn onílé lọ, inú ọ̀gá dùn. Ó di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wó ilé náà, Sísítà Mọ́fẹ́yìsára, àgbà nọ́ọ̀sì àwọn aboyún, pè é.

"Láídé, àkọsílẹ̀ àwọn aboyún mi kò sí mọ́! Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, èyí tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, n ò rí ẹyọ kan. Àwọn obìnrin yìí wà níwájú mi o."

Àkọsílẹ̀ yẹn kò ní ẹ̀dà níbòmíràn. Ayálégbé ni Lèsí pe sáfà aboyún, ṣùgbọ́n ilé ta ló ń gbé? Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ohun tí sáfà náà fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn: "Ẹni tó ṣe mí ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ síbí." Ohun tí irin máa ń sọ nìyẹn, tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló fọwọ́ tò ó, tónítọ̀hún kò sì kọ orúkọ. Onílé ni!

Láídé sáré. Bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò dúró mú un. Nígbà tó dé ilé àtijọ́, Fàtáì tó ń ra irin ti ń fi okùn di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

"Bọ̀dá Fàtáì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Ibo lẹ ti rí àpótí yẹn?"

"Inú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn yàrá àwọn nọ́ọ̀sì ni, àǹtí. Wọ́n ní kò sí lára ohun tí ẹ ń kó."

Ó bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Láídé ṣí ìdérí. Òwú ìránṣọ pupa ni wọ́n fi di gbogbo wáyà inú rẹ̀. Bàbá Yísà nìkan ṣoṣo ni Láídé mọ̀ tó ń di wáyà báyẹn, torí pé aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Láídé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Òun tí wọ́n ń dá dúró l'Ẹ̀pẹ́ tí kò rí orúkọ dá, òun náà ló wá ń bi ẹlòmíràn, tó sì sọ ọ́ di aláìnílé nítorí pé kò rí èsì fọ̀. Ó dùn ún wọra.

Àkọsílẹ̀ pé. Kó tó di ọ̀sán, Sísítà ti ń dá àwọn aboyún rẹ̀ lóhùn. Láídé tún Lèsí ṣe: sáfà tí kò bá lè dárúkọ, kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn lọ wò ó. Lẹ́yìn náà ó wá àyè òfìfo tí orúkọ ẹni tó ṣe é yẹ kó wà rí nínú irin náà, ó kọ nǹkan sí i.

Ọjọ́ Àìkú ló lọ sí Ibido. Ojú Bàbá Yísà ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ó mọ ìrìn Láídé kó tó dé ojúde. Láídé ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo gbàgbé láti kọ orúkọ sí i," Bàbá ní. "Iṣẹ́ pọ̀ nígbà náà."

"Mo ti bá yín kọ ọ́, Bàbá."

"Tí wọ́n bá wá bi í báyìí pé ọmọ lèsí ńkọ́?"

"Ó ní ọmọ Yísà lòun, ará Ibido."

Bàbá na ọwọ́, ó wá ọwọ́ Láídé títí ó fi rí i.

"Ẹ ti di méjì nìyẹn," ó ní.