Adéògún Tí Kì í Fi Iná Kan Sípíríǹgì

Ní Darkuman, bí o bá béèrè ẹni tó lè mú ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀ láì bà á jẹ́, ẹni tó ń ta omi lójú títì pàápàá á nawọ́ sí ọgbà Adéògún. "Alata yẹn," ni wọ́n á wí, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ Yorùbá níbẹ̀, "ẹni tí kì í fi iná kan irin." Ọgbọ̀n ọdún ló fi wá orúkọ yẹn. Bàbá rẹ̀ ló ń tún sípíríǹgì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu wá sí ọjà Agbogbloshie ṣe, òun ló sì kọ́ ọ pé irin sípíríǹgì ti gba iná tó yẹ kó gbà níléeṣẹ́. Bí a bá tún fi iná kàn án, agbára rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́ máa ń fẹ́ kó lọ sílẹ̀, kí táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara ọkọ̀, kí gbogbo ojú lè máa wo wọ́n. Ọ̀nà méjì ni àwọn fítà, ìyẹn àwọn mẹkáníìkì, ń gbà ṣe é. Àkọ́kọ́, wọ́n á tú sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ gé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa da omi sí i kó má baà gbóná, wọ́n á dá a padà, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á tún tú u. Ọjọ́ méjì gbáko ni. Ọ̀nà kejì kò tó wákàtí kan: wọ́n á gbé iná gáàsì tì í títí á fi pọ́n, irin á rọ̀, ọkọ̀ á jókòó fúnra rẹ̀. Bí o bá ń wo ọkọ̀ méjèèjì láti òkèèrè, o ò ní mọ èwo lèwo. Kòtò ló máa ń mọ̀ ọ́n.

Faruk kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Adéògún fún ọdún méje. Nígbà tó gba òmìnira, kò wá ibì kankan lọ, òdìkejì títì ló kan páànù tirẹ̀ sí, ó sì gbé ìgò gáàsì kalẹ̀. Oníbàárà ń rọ́ wọlé tọ̀ ọ́. Adéògún máa ń jókòó síwájú ọgbà tirẹ̀, á máa ka ọkọ̀ tó ń yà sọ́hùn-ún, á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Irin ò ní gbàgbé." Ìlara ni, kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Mojíbọ́lá, ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Dansoman, ti sọ fún un pé ọmọ ẹni kì í ṣe ọ̀tá ẹni. Kò gbọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan báyìí ni Ọláyẹmí dé. Ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ni, ó gbé ọkọ̀ pupa onílẹ̀kùn méjì kan wá, ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó bí i. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ń pàdé létí òkun Labadi lọ́jọ́ Sátidé, ó sì fẹ́ kí tirẹ̀ lọ sílẹ̀ kó tó débẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni iná mànàmáná lọ, dọ́msọ̀ tí wọ́n ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀ ti dé, ẹ̀rọ tó ń gé irin ò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí iná.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá," ni Ọláyẹmí wí, kò sì ní i lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni, "bí kò bá ṣeé ṣe, ṣé kí n kúkú kọjá sọ́dọ̀ Faruk?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Adéògún lára. Ó ní, "Gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Lọ́la, wàá wá gbé e."

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tí iná ò tíì dé, ó ta tapólì bo ẹnu ọgbà. Gáàsì tó fi ń jó páìpù èéfín wà nílé. Ó tan iná sí i, ó sì gbé e ti sípíríǹgì àkọ́kọ́. Irin pọ́n, ọkọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn mọ́. Ó bi ara rẹ̀ pé ta ló rí òun, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé kò sẹ́nì kankan.

Inú Ọláyẹmí dùn dé ibi tó fi fẹ́ kí ọkọ̀ náà tún lọ sílẹ̀ sí i. Ó mọ̀ pé Adéògún ò ní gbà, nítorí náà ọ̀dọ̀ Faruk ló gbé e lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Faruk tú u, ó wo irin náà dáadáa, ó ní ó ti tó gẹ́ẹ́. Rọ́bà kan tó ti gbó ló pààrọ̀, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọjọ́ kẹta, lójú títì Dansoman, sípíríǹgì iwájú já sí méjì. Ọkọ̀ já sí gọ́tà, ẹsẹ̀ Ọláyẹmí sì kán.

Ẹgbẹ́ àwọn fítà pè wọ́n sábẹ́ igi dóńgóyárò tí wọ́n ti ń parí ẹjọ́. Sípíríǹgì wà lórí tábìlì, àwọ̀ búlúù tí iná fi sára irin hàn kedere níbi tó ti já. Ọláyẹmí jókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n dì. Ó ní Adéògún ló kọ́kọ́ ṣe é, òun sì gbé e tọ Faruk lẹ́yìn náà kó lè tún lọ sílẹ̀.

"Mi ò fi iná kàn án," ni Faruk wí. "Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ igi. Ẹnì kan ní, "Ṣé Alata ló fi iná kàn án?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí i. Faruk ò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó sì ń wò ó.

Alága gbé irin náà lé Adéògún lọ́wọ́. "Ìwọ lo kọ́ ọ níṣẹ́. Kí lo rí?"

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Adéògún máa ń pa òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíràn. Ó yí irin náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Iná ti kàn án," ló wí, ó sì gbé e kalẹ̀.

Òótọ́ ni. Kò purọ́ kankan. Wọ́n ní kí Faruk kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Darkuman, kó má sì ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì ládùúgbò wọn mọ́. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ó dáa náà. Òtítọ́ ò bá ohunkóhun ní Darkuman, wọ́n ń bu ọlá fún Adéògún títí di òní.

Lọ́jọ́ tí Faruk ń lọ, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sọdá títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Màsítà, mo ti rí àwọ̀ irin yẹn kí n tó dá a padà. Ó yẹ kí n sọ fún oní-mọ́tò, àmọ́ mi ò fẹ́ kó gbọ́ pé ẹ̀yin ni. Mo rò pé ẹ ó sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi."

Adéògún tẹjú mọ́ àpótí náà.

"Mò ń lọ Kumasi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mi ò ní ẹlòmíràn. Ẹ ṣàdúrà fún mi."

Adéògún gbé ọwọ́ lé àpótí. Ó ní ọ̀nà á là. Faruk ní, "Àmín." Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ò ní gé nídìí iṣẹ́. "Àmín." Ó ní àánú á pàdé rẹ̀ níbi tó ń lọ. "Àmín, Màsítà."

"Ẹnikẹ́ni ò ní bà ọ́ lórúkọ jẹ́," ni Adéògún wí.

Faruk dìde, ó gbé àpótí rẹ̀, ó sì sọdá títì padà.