Àmì Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀rọ̀

Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni. Àwa mẹ́ta la wà nínú gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé ní Ọ̀rẹ̀: tíṣà wa, ìyàwó mi, àti èmi. Ọyẹ́ ń fẹ́. Ìró ọkọ̀ ojú ọ̀nà márosẹ̀ ń bọ̀ bí ìró odò, eruku pupa sì dúró nínú oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé, kò lọ, kò bọ̀.

Ayé ológun ni. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ orúkọ mi kọ.

Ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ tábìlì. Òfin tíṣà ni pé ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi pẹ́ńsù sàmì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí òun lè mọ ohun tí òun máa kọ́ wa ní Sátidé. Awakọ̀, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ kòkó tó wá láti òkèèrè, gbogbo wọn ló ń yà wọlé wá ṣí i. Nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe òfin wọn ló gba àmì. Nígbà tí a ń tò fún ọṣẹ àti wàrà, àmì ṣí lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n wà. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n mú awakọ̀ kan ní ibùdókọ̀, ọ̀rọ̀ àtìmọ́lé gba àmì tirẹ̀. Mo máa ń ṣí ìwé náà bí ẹni ń wojú ọ̀run, kí n lè mọ ibi tí òjò ti ṣú.

Ìyàwó mi ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Owó oṣù rẹ̀ la fi ń jẹun títí kòkó á fi gbó. Nírọ̀lẹ́ yẹn, ó tú lẹ́tà kan ní etí ìró rẹ̀.

“Ẹ kà á fún mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fọ ẹ̀jẹ̀. Bóyá wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá alágbàfọ̀.”

Mo kà á dé àárín, mo bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí n kò mọ̀. Mo wo tíṣà. Ó yíjú sí fèrèsé.

“Ẹ wo inú ìwé, Bàbá.”

N kò tíì wá a rárá tí ìwé fi ṣí fúnra rẹ̀ sí ojú ewé ọ̀hún. Àmì yí ọ̀rọ̀ náà ká bí èèrà ṣe ń yí ṣúgà ká. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù. Rédíò kò tíì sọ ọ́.

“Kí ni wọ́n wí?”

Mo fi ìka lé ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó mi tẹjú mọ́ ìwé náà. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ àwọ̀.

“Ta ló fi báírò pupa ṣe èyí?”

Tíṣà nìkan ló ní báírò pupa. Ilé-ìwé ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀.

“Èmi ni, Ìyá. Wọ́n fún mi ní lẹ́tà tèmi lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní iṣẹ́ ti parí. Irú tiyín náà ni.”

Ìyàwó mi ní, “Áà, Tíṣà! Ọkọ mi kò tíì mọ̀wé tán, wọ́n ti lé yín.” Ó rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. Ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, ó dì í mú bí abẹ́rẹ́, ó sàmì tirẹ̀.

Ìyàwó mi ti dolóògbé báyìí. Àmì yẹn nìkan ni mo rí i tó kọ láyé, mo sì ṣì máa ń lá àlá rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a ka lẹ́tà náà, mo pọ́n àdá mẹ́ta. Mo fi ọ̀kan lé ìyàwó mi lọ́wọ́, mo gbé ọ̀kan dé ilé tíṣà, a sì jọ lọ ṣán igbó tó wà lẹ́yìn oko kòkó mi, ká lè gbin ẹ̀gẹ́.