Pèpéle Tí Wọ́n Wó Níwájú Ilé Mi

Wolé-wolé wó pèpéle iwájú ilé mi láàárọ̀ yìí. Ó ní ìdọ̀tí ni!

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi mọ ọ́n, kí ìyá ọkọ mi tí wọn ò lè rìn mọ́ lè máa yá oòrùn níbẹ̀.

Lọ́sàn-án, mo gbé iṣu lọ sílé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Mo bá wọn tí wọ́n ń mọ pèpéle síwájú ilé.

Mo bi akọ̀wé wọn pé, "Ọmọ mi, tiyín kì í ṣe ìdọ̀tí?"

"Rárá o, ìyá. Tẹ́ráàsì nìyí. Òyìnbó ló máa gbatẹ́gùn níbẹ̀."

"Kí lẹ fi mọ ọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Amọ̀ pèpéle yín tí wolé-wolé kó wá láàárọ̀ ni. Ó kúnná gan-an, ẹ kú iṣẹ́!"

Ẹ gbọ́ o, èmi ni wọ́n ń kí kú iṣẹ́!

Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, ìyá ọkọ mi ṣì ń bèèrè ibi tí wọ́n máa jókòó sí lọ́la. Kí ni kí n sọ fún wọn?