Ìrẹsì Pẹ̀lẹ́

Ó pẹ́ tí màmá mi ti ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìyàwó tó mọ ìrun ún kí, tí kì í rìn ká, tí kì í sì í ṣe ọmọ Ajégúnlẹ̀. Ọlọ́run gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Snake Island, bá ọkọ̀ ojú omi kan lọ sókè òkun. Nígbà tó máa padà dé, ọmọ Jáfà, ní ilẹ̀ Indonéṣíà, ló mú bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ọmọbìnrin náà ń kírun ju gbogbo wa lọ. Òun ló ń jí màmá fún àsùbáà. Màmá wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ títí, inú ìkòkò nìkan ló ti rí i.

Ẹ̀pà yíyan ni màmá mi ń tà ní ọjà Boundary, ní Ajégúnlẹ̀ wa níbí, òun ló sì fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ẹ̀pà kì í ṣe oúnjẹ. Ohun tí èèyàn fi ń tan ẹnu jẹ kí oúnjẹ tó jinná ni.

Ìyàwó wa fẹ́ se oúnjẹ ìlú rẹ̀ fún wa. Ó di ẹ̀wà sínú aṣọ tútù, ó tì í sábẹ́ àga kó lè hù. Màmá ń gbálẹ̀, ó rí i.

"Yéè! Ẹ̀wà ti yọ ìrù!"

Ó dà á sí gọ́tà, ó sì bá ìyàwó kẹ́dùn pé ẹ̀wà rẹ̀ bàjẹ́. Ìyàwó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Ó rẹ òmíràn, ó gbé e pamọ́ sínú yàrá mi.

Nígbà tó hù tán, ó bọ̀ ọ́, ó bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti kábéèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó lọ ẹ̀pà mọ́ ata, áyù, ṣúgà àti àjàgbọn kíkan títí ó fi di ọbẹ̀ kíki. Ó bu ìrẹsì, ó to ẹ̀fọ́ lé e, ó da ọbẹ̀ ẹ̀pà lé e lórí.

"Kí lẹ̀ ń pe èyí?" màmá béèrè.

"Pecel, Màmá."

"Pẹ̀lẹ́? Orúkọ yẹn bá a mu. Ẹni tó bá ń jẹ ìrẹsì láìsí ẹran, ó yẹ ká kí i pẹ̀lẹ́." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n fi ẹ́ pè lọ́hùn-ún ni?"

"Màmá, ẹ tọ́ ọ wò ná."

Màmá tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ wò títí abọ́ fi mọ́. Ó ní iyọ̀ ò tó, ó wá béèrè bóyá ó ṣẹ́kù nínú ìkòkò, kí òun bá wọn fi iyọ̀ sí i.

Kí ìgbà òjò tó bẹ̀rẹ̀, màmá ti ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ìyá ìyá òun máa ń se oúnjẹ yìí ní Ìsẹ́yìn, pé àwọn ará Jáfà ló wá jí i. N kò bá ìyá àgbà láyé, n kò lè jiyàn.

Ní ọjọ́ Sunday kan, àwọn atukọ̀ ojú omi ará ìlú ìyàwó wa, tí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ ní Apapa, wá kí i. Màmá gba ìdí ààrò lọ́wọ́ ìyàwó, ó se ìrẹsì pẹ̀lẹ́ fún wọn. Ó fi pọ̀nmọ́ lé abọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú wọn ṣe fẹ́ ki ṣíbí bọ̀ ọ́, màmá pariwo:

"No be so dem dey chop am! Mix am well!"

Àwọn ọkùnrin náà wo ìyàwó. Ó fi èdè wọn sọ nǹkan kan, ni gbogbo wọn bá tẹrí ba fún màmá. Mo bi í léèrè ohun tó sọ.

"Mo ní Màmá ló kọ́ mi."

Mo wò ó lójú bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ń nu ojú. Màmá ní ata ni, ó bu omi fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni n kò rí. Mo wá a dé ìsàlẹ̀ àdúgbò, mo bá a nídìí ẹ̀bà ní búkà kan.

"Bọ̀dá mi, ẹ ò bá wọn jẹun nílé?"

"Oúnjẹ wo? Ewé yẹn ni mo jẹ lórí omi títí tí mo fi sá wálé!"

Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún màmá, ó fi ẹran kan lé mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́.